Bí Alàájì Mùnírù Ṣe Ṣẹ́gun Omi Nítorí Ọmọ Igi Dàbínù

Ẹ yà lọ́nà, ẹ ká aṣọ yín mọ́ra, kí akọni ráyè kọjá! Alàájì Mùnírù ará Ìsẹ́yìn, ọmọ Bùsàrí tó fi igbe nìkan lé adìẹ kúrò lórí àgbàdo, ọmọ-ọmọ Àkàngbé tó sá fún ogun, tó sì padà wá ròyìn rẹ̀ ju àwọn tó jà á lọ! Kìnnìún tí í bú ramúramù lórí àga ìrọ̀gbọ̀kú!

Akọni yìí ló kó kóró dàbínù bọ̀ láti Mẹ́kà, tó gbìn wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi àlùwàlá ilé rẹ̀, tí wọ́n sì hù. Ó wá fi gbogbo ẹnu búra ní mọ́sáláṣí pé dàbínù òun ni jàmáà yóò máa fi ṣínu. Kí igi lè tètè dàgbà, ó pàṣẹ pé ẹni tó bá ṣe àlùwàlá tán, ìdí igi ni kó da ìyókù omi búùtà rẹ̀ sí. Òun fúnra rẹ̀ a sì fa omi kànga ilé da kún un lẹ́yìn ìrun kọ̀ọ̀kan. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ilẹ̀ di ẹrẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kó wọlé, ewé ń pọ́n bí ojú aláìsàn ibà. Àwọn igi ń kú lọ títí ó fi ku ẹyọ kan ṣoṣo.

Aládùúgbò rẹ̀, Alàájì Ràjí, bi í níwájú jàmáà pé, "Ṣé dàbínù lẹ gbìn ni àbí ìrẹsì?" Ẹ̀rín sọ. Akọni ò lè gbé orí sókè mọ́.

"Baba Mùdáṣírù, omi ló ń pa á," ni Alájà Sìfáwù, ìyàwó rẹ̀, wí.

"Oúnjẹ ń pa ọmọ ni?"

"Ó ń pa á, tí wọ́n bá ń rọ ọ́ láì jẹ́ kó mí. Ẹ ti ìka bọ ilẹ̀ ná, kí ẹ tó bomi."

Inú bí ògbólógbòó jagunjagun. Ó gba búùtà lọ́wọ́ gbogbo ilé, ó fi òfin de omi pátápátá, títí ṣóńṣó ewé fi gbẹ pátipàti. Èmi tí mò ń ròyìn rẹ̀ gan-an, ojú tì mí. Ìgbà tí ẹ̀rù bà á tán ló tó tẹ ìbàdí ńlá rẹ̀ ba, ó ti ìka bọ ilẹ̀: bó bá gbẹ, a bomi díẹ̀, bó bá tutù, a fi í sílẹ̀.

Ewé tuntun yọ, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì tutù yọ̀yọ̀. Akọni wé láwàní, ó kó jàmáà jọ, ó gbé ohùn sókè: "Ẹ kéde rẹ̀ dé Òkèhò! Èmi Mùnírù ti ṣẹ́gun omi!"

Jàmáà ní "Allāhu Akbar!" Alájà Sìfáwù ti àgádágodo mọ́ ìdérí kànga, ó sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ etí ìró rẹ̀.