Yẹtí Ìyá Múìnátù

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa pa á lówe pé, "Iná kò mọ àna, ìwọ̀n ara ló mọ̀"? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ fara balẹ̀ kí n sọ fún yín.

Sùnmọ́nù ló fà á. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa fi wúrà bo fàdákà. Á ri nǹkan náà sínú omi wúrà, á so wáyà bátìrì mọ́ ọn, iná á wá máa kó wúrà lé e lára díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ tan iná láìkọ́kọ́ fi bébà wé nǹkan náà yíká, kó tú u, kó sì wọn bí bébà ọ̀hún ṣe fẹ̀ tó. Bí ara bá ṣe fẹ̀ tó ni iná tó lè gbà. Àwo ńlá á gba púpọ̀, òrùka á gba díẹ̀. Bí iná bá ti ju ara lọ, jíjóná ni. Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ lẹ́nu Sùnmọ́nù rí ní gbogbo ìsọ̀ yẹn.

Àfi ọjọ́ tí Ìyá Múìnátù kó yẹtí fàdákà rẹ̀ méjèèjì wá. Múìnátù yìí ni Sùnmọ́nù ń fẹ́, ìyá ò sì tíì fọhùn sí i. Ó ní kó bá òun fi wúrà bò wọ́n, ibẹ̀ lòun yóò ti mọ irú ọwọ́ tí òun fẹ́ fi ọmọ òun lé.

Sùnmọ́nù mú ọ̀kan, ó wọ̀n ọ́n. Yẹtí ò ju èékánná lọ. Iná tó tọ́ sí i kéré débi pé ọwọ́ míta tó fi ń wo bí iná ṣe pọ̀ tó kàn mira díẹ̀ ni. Ọkàn rẹ̀ ò gbà á. Ṣé ohun tí èèyàn ń gbé síwájú àna rẹ̀ nìyí? Àna tí wọn kì í bu ẹran wẹ́wẹ́ fún! Ló bá tan iná àwo ńlá sí i.

Omi ń hó, yẹtí ń dúdú. Dípò kí ọkùnrin yìí dín iná kù, ó ní bóyá ọ̀wọ̀ tí òun bù fún àna òun ni kò tíì tó. Ó so bátìrì kejì mọ́ ọn. Èéfín rú. Nígbà tó fi máa fa wáyà sókè, yẹtí ti dà bí ẹ̀pà tó jóná sínú yanrìn, ìkọ́ rẹ̀ sì ti já sínú omi.

Nígbà tí ìyá padà dé, Sùnmọ́nù dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó jẹ́wọ́. Ìyá wo yẹtí, ó wo Sùnmọ́nù, ó fa àpótí, ó jókòó. Ó ní kó ṣe ìkejì lójú òun, pé bí èyí náà bá jó, kó lọ wá ìyàwó síbòmíràn.

Ẹ̀rù ba Sùnmọ́nù gan-an. Àwo ńlá tí Alájì kan, oníbàárà rẹ̀, gbé wá wà nínú omi wúrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ọwọ́ míta tirẹ̀ sì ti lọ sókè. Ó wọn ara yẹtí, ó tan iná bíńtín tó tọ́ sí i. Ìyá tẹjú mọ́ míta títí, ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í korò.

"Sùnmọ́nù, ṣé èmi lo tan irú iná yìí fún? Àwo Alájì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yẹn, mo rí bí ọwọ́ míta tirẹ̀ ṣe lọ sókè. Ṣé Alájì ló fẹ́ fún ọ lọ́mọ ni?"

Ọwọ́ ń yún Sùnmọ́nù kó fi iná kún un. Ó fi ọwọ́ kejì dì í mú, ó tún dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ foríjì mí, ìyá mi. Iná kò mọ àna, ìwọ̀n ara ló mọ̀."

Ìyá kùn, ṣùgbọ́n kò dìde. Nígbà tí yẹtí jáde, ó ń dán yanran. Ó fi í sétí, ó wo jígí, inú rẹ̀ dùn, ó ní kó lọ kó àwọn ẹbí rẹ̀ wá.

Etí kan ṣoṣo ni ìyá fi wọ yẹtí lọ síbi ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ẹni tó bá béèrè èkejì, á ní, "Ọ̀wọ̀ tí àna mi bù fún mi ló jó o."

Ẹ ò wá rí i pé àwọn àgbà ò purọ́? Iná kò mọ àna, ìwọ̀n ara ló mọ̀.