Ọgbà Oníná Tó Mọ Olówó Rẹ̀

Màlúù méje péré ni ọkùnrin náà ní, àmọ́ orúkọ tó fún ara rẹ̀ ni Àjànàkú Ẹlẹ́ran. Bí o bá pè é ní "Bàbá" lásán, á ṣe bíi pé etí òun di.

Nígbà tó pe oníṣẹ́ iná kan pé kó wá fi wáyà oníná yí pápá òun ká, ó ní kó nà án kọjá ojú ọ̀nà odò tí gbogbo àdúgbò ń gbà.

"Koríko ibẹ̀ ń wù mí," ló wí. "Màlúù mi ló tọ́ sí."

Oníná, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, mirí. "Bàbá, ọ̀nà ọlọ́nà nìyẹn. Ó kéré tán, ẹ jẹ́ ká so pátákó ìkìlọ̀ mọ́ ọn."

"Pátákó? Kó wá ba ẹwà ọgbà mi jẹ́? Fa iná ilé sí i tààrà! Ẹni tó bá fọwọ́ kàn án á kìlọ̀ fún ara ẹ̀."

"Iná ilé á pààyàn. Ẹ̀rọ ọgbà tó ń dín agbára iná kù ni mo máa lò. Ìyẹn á ta èèyàn, á sì fi í sílẹ̀. Bí ẹ ò bá fẹ́, mò ń lọ."

Ìyàwó Àjànàkú yọjú lójú fèrèsé. "Ẹ̀rọ ọgbà ni kí ẹ fi sí i, oníná. Mi ò tíì ṣe tán àtidi opó."

Àjànàkú kùn títí, àmọ́ ó gbà.

Lọ́jọ́ kejì, bí oníná ṣe ń palẹ̀ irinṣẹ́ rẹ̀ mọ́, àwọn ará àdúgbò gbé korobá dé, wọn ò rọ́nà gbà. Àjànàkú jáde sí wọn nínú aṣọ ńlá tó ń gbálẹ̀.

"Ẹ gba ẹ̀yìn òkè! Àlejò ni ọgbà yìí ń ta. Ajá kì í bu olówó rẹ̀ jẹ, wáyà kì í ta ẹni tó rà á!"

"Bàbá, ẹ má fọwọ́ kàn án o!" oníná ké.

"Ẹ wò mí." Ó di wáyà mú.

"Yéè!"

Àjànàkú fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Fìlà gba ọ̀tún, bàtà gba òsì, òun fúnra rẹ̀ jókòó sínú ìgbẹ́ màlúù. Àwọn màlúù gbórí sókè, wọ́n wò ó, wọ́n sì ń jẹ koríko wọn lọ.

"Bàbá," ìyá àgbà kan fohùn pẹ̀lẹ́ béèrè, "àbí ẹ̀yin àti wáyà yìí ò tíì mojú ara yín ni?"

Ẹ̀rín sọ. Àjànàkú wá rántí iná ilé tí òun ní kí wọ́n fà.

"Ẹ ká wáyà yẹn kúrò lójú ọ̀nà," ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kí ẹ so pátákó náà. Kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi dáadáa."

Ìyàwó rẹ̀ lọ pa ẹ̀rọ. "Mo ti pa á o! Ẹ wá bá wọn di òpó mú."

Àjànàkú ò kúrò nínú ìgbẹ́.

"Tún lọ wò ó," ló wí.