Káàdì Ohùn Oníhò Mẹ́jọ

Ẹ jókòó dáadáa, ẹ má pariwo, nítorí ọ̀rọ̀ ariwo gan-an la fẹ́ sọ.

Ọkọ àbúrò mi obìnrin kì í ṣe èèyàn burúkú. Wẹ́dà ni, ọwọ́ rẹ̀ sì dáa: òun ló jó èyí tó pọ̀ jù nínú géètì àdúgbò wa, kò sì sí èyí tó tíì ya. Àléébù kan ṣoṣo ló ní. Kò sí ohun tí ẹ máa sọ fún un tí kò ní dáhùn pé, "Mo mọ̀ ọ́n." Ẹ ní òjò ń bọ̀, ó mọ̀ ọ́n. Ẹ ní bàtà rẹ̀ ti já, ó mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, mo rọra sọ ọ́ sí i létí pé ẹ̀yìn ṣòkòtò rẹ̀ ló kọ síwájú. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo mọ̀ ọ́n." Bó ṣe di Mọ̀ọ́ntán nìyẹn.

Mọ̀ọ́ntán ní ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ dà bí omi tútù lásìkò ooru. Ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní kí ẹni tó bá fẹ́ wọlé fi orin kan ránṣẹ́ kó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ Jímọ́ọ̀. Ẹni tó bá sì ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, wọn ò gbà á mọ́. Oṣù tó ń bọ̀ ni ọmọ yìí máa pé e. Ẹ ti rí i: bí kò bá wọlé lọ́tẹ̀ yìí, ó di kó máa kọrin fún ìkòkò nínú ilé ìdáná.

"Ẹ má mikàn," ni Mọ̀ọ́ntán wí. "Wẹ́dà kì í wà nílé kí orin ọmọ rẹ̀ wọ́."

Ẹ jẹ́ kí n dúró ṣàlàyé díẹ̀. Kí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe sùúrù fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Kọ̀ǹpútà ní máìkì tirẹ̀ nínú ara, ihò rẹ̀ ò ju imú èèrà lọ. Ó ń gbọ́ yín, ó ń gbọ́ fáànù, ó tún ń gbọ́ aládùúgbò. Bí ẹ bá fẹ́ kí orin mọ́ gaara, ẹ ó ra máìkì gidi, ẹ ó sì ra káàdì ohùn, ìyẹn àpótí kékeré tó ń gba ohùn lọ́wọ́ máìkì tó sì ń gbé e fún kọ̀ǹpútà. Máìkì kan, ihò kan. Bí ẹ bá tún fẹ́ ta gìtá sí i, ihò méjì. Ó tán. Ṣé ó le?

Èmi àti òun la jọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin tó ń tajà béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, èèyàn mélòó ló máa kọrin lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Ọmọ mi ni."

"Ọmọ mélòó, sà?"

"Ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ó lóhùn!"

Obìnrin náà gbé èyí oníhò méjì fún un. Mọ̀ọ́ntán gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó sọ ọ́ sókè, ó sì hán an, bó ṣe máa ń wọn irin wò. Nídìí iṣẹ́ tirẹ̀, irin tó bá fúyẹ́, ayédèrú ni.

"Màdáámù, kí ló wà nínú eléyìí, afẹ́fẹ́?"

"Sà, ohùn kì í wúwo."

"Mo mọ̀ ọ́n. Ẹ bá mi gbé èyí tó wúwo jù wá."

Ni wọ́n bá gbé èyí tí odindi ẹgbẹ́ olórin ń lò jáde: ihò mẹ́jọ, iná mẹ́rìndínlógún. Mọ̀ọ́ntán gbé e, ó kérora, inú rẹ̀ dùn.

"Ṣé kí n fi bí ẹ ó ṣe so ó mọ́ kọ̀ǹpútà hàn yín?"

"Èmi! Màdáámù, irin tí mo ti so pọ̀ láyé yìí, ẹ ò lè kà á tán."

Nígbà tí a délé, ó ti wáyà kan bọ iná, ó ti máìkì bọ ihò kan, iná mẹ́rìndínlógún sì tàn yòò. Ó ní kí ọmọ dúró sídìí máìkì lẹ́bàá fèrèsé kó kọrin. Ohùn tó jáde nínú kọ̀ǹpútà dà bíi ti ẹni tó já sí kànga.

"Bàbá, ohùn mi jìnnà. Wáyà kan sì tún ṣẹ́ kù nínú páálí."

"Ẹ̀bùn nìyẹn. Sún mọ́ máìkì!"

Ó sún mọ́ ọn títí ó fi kù díẹ̀ kó gbé e mì. Pàbó. Òùngbẹ gbẹ ẹ́, ó lọ mu omi nídìí kọ̀ǹpútà, ó ń kọrin lábẹ́ ahọ́n. Háà! Ohùn rẹ̀ jáde ketekete.

Mọ̀ọ́ntán fò sókè. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò rí i! Káàdì yìí lágbára débi pé ó ń gbọ́ ẹni tí kò sí nídìí máìkì!"

Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yẹn kò lè tọ̀nà. Mo lanu, ó ní, "Mo mọ̀ ọ́n."

Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, ọmọ dúró ti kọ̀ǹpútà, máìkì dá dúró lójú fèrèsé bí àlejò tí ẹnikẹ́ni ò kí. Bó ṣe ń kọrin, bàbá rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí etí onígbàjámọ̀ tó wá wòran. Ẹ rántí o, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ irin láti àárọ̀ dalẹ́ kò ní ohùn kẹ́lẹ́. Kẹ́lẹ́ tirẹ̀, òpópónà kejì gbọ́ ọ. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago méjìlá lù, ó ní kí wọ́n fi ránṣẹ́. Ọmọ ní kí àwọn kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

"Èwo la tún fẹ́ gbọ́? Ṣebí gbogbo wa la wà níbẹ̀!"

Lọ́jọ́ Ajé, Mọ̀ọ́ntán wà ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ó ń kọ́ àwọn oníbàárà ní ẹ̀kọ́ káàdì ohùn, ni ọmọ bá sáré wọlé tòun ti fóònù.

"Bàbá, wọ́n ti dáhùn. Ẹ jẹ́ ká lọ kà á nílé."

"Ilé kẹ̀? Kà á síbí, kí gbogbo ayé gbọ́!"

Ọmọ tún ọ̀fun ṣe. "'A gbọ́ orin yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohùn ọmọ yìí wù wá, kó máa bọ̀.'"

Hòò! Ṣọ́ọ̀bù gba ariwo. Mọ̀ọ́ntán na àyà jáde. "Káàdì mi nìyẹn!"

"Ó kù o, Bàbá."

"Kà á!"

"'Ní ẹsẹ kejì, ọkùnrin kan ń sọ pé ihò mẹ́jọ ni, pé iná mẹ́rìndínlógún ni, pé obìnrin tó tà á ò mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ fún un pé máìkì inú kọ̀ǹpútà ló gba gbogbo rẹ̀. Kó wo ẹ̀yìn káàdì rẹ̀ bóyá ó ti so ó mọ́ kọ̀ǹpútà.'"

Ẹ̀rín pa onígbàjámọ̀ débi pé ó fá ìdajì irun ojú ẹni tó wà lórí àga lọ. Gbogbo wa tò tẹ̀lé Mọ̀ọ́ntán délé, aláìpé-irun-ojú náà tòun ti aṣọ funfun lọ́rùn. A yí káàdì padà. Ihò ẹ̀yìn rẹ̀ ṣófo, aláǹtakùn ti ń kọ́lé síbẹ̀. Ọmọ mú wáyà jáde látinú páálí, ó ṣì wà nínú ọ̀rá rẹ̀. Mọ̀ọ́ntán gbà á, ó fẹ́ tì í bọ ibẹ̀, ìka kò wọlé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti wẹ́dà ò wọ ẹ̀yìn káàdì. Ó dá a padà fún ọmọ.

Gbogbo wa ń wò ó. Ó wo káàdì, ó wo wáyà, ó wo èmi náà.

"Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀," ó ní. "Àbí ẹ rò pé irú ohùn ọmọ mi yẹn nílò káàdì?"