Jíbí Márùndínlógójì Tí Kásìmáawò Ń Wá

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó tì mí yìí, ta ló lè sọ fún mi ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé ẹni tó ní kí ògiri má gba àyè, ìta ni yóò sùn? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ rò pé ayé ìgbà tí ẹranko ń sọ̀rọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Irọ́ ni. Àgbà tó kọ́kọ́ pa á ṣì wà láyé, ó ní fóònù méjì. Kásìmáawò lorúkọ ẹ̀, bírikìlà ni, Ṣakí ló ń gbé.

Kásìmáawò yìí mọ iṣẹ́ débi tó bá wo ògiri lẹ́ẹ̀kan, á ní, "Ó fi ìka kan wọ́ sápá òsì." Ẹ gbé okùn lé e, ìka kan náà ni. Ìwé mẹ́fà ló kà, kò sì dùn ún, àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ kọ́ ilé ńlá nílùú. Wọn ò ní pè é. Ẹ́ńjíníà kan ni wọ́n máa lọ pè wá láti Ìbàdàn. Ìyẹn á gbé kọ̀ǹpútà kalẹ̀, á máa yí ilé sọ́tùn-ún sósì lójú wọn bí ẹni ń yí ẹran lórí iná, wọ́n á máa pàtẹ́wọ́. Kásìmáawò á wá di ẹni tó ń po sìmẹ́ńtì fún ẹni tí ò lè to bulọ́ọ̀kù márùn-ún kó dúró.

Nígbà tí àdúgbò wá ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé ìgbẹ̀bí, Kásìmáawò búra pé èyí ò ní bọ́ lọ́wọ́ òun. Alájà Rábíátù ni alága ìgbìmọ̀. Nọ́ọ̀sì àgbà ni, ó ti gbẹ̀bí ìdajì ìlú, kì í sì í pọ́n ẹnikẹ́ni lé.

Alájà ní, "Ẹni tó bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, kó gbé àwòrán ilé wá nínú kọ̀ǹpútà, nígbà tí oṣù mẹ́ta bá pé, lọ́jọ́ Jímọ̀, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n fi igi yà sórí iyanrìn o." Kásìmáawò ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́.

Ni Kásìmáawò bá kọrí sọ́dọ̀ Ọlánipẹ̀kun, ọmọkùnrin tó ń ta kọ̀ǹpútà nítòsí mọ́ṣáláṣí. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń ya ilé sínú ẹ̀rọ. Ó yà á, ó pa á rẹ́, ó tún un yà, títí tí ilé fi dúró. Ó wá ra láptọ́ọ̀pù tuntun, torí kò fẹ́ gbé ti ẹlòmíì lọ síwájú ìgbìmọ̀ bí ẹni wọ ṣòkòtò àgbàbọ̀. Ọlánipẹ̀kun fi àwòrán náà sínú ẹ̀ fún un, ó gbé e relé lọ́jọ́bọ̀.

Ká ní ó fi mọ síbẹ̀ ni, mi ò bá má ní ìtàn kankan láti sọ. Ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára páálí láptọ́ọ̀pù náà pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta jíbí. Jíbí yìí ni wọ́n fi ń wọn ikùn kọ̀ǹpútà, bá a ṣe ń fi kọ́ńgò wọn gàrí. Láàárọ̀ Jímọ̀, bó ṣe kírun àsúbáà tán, Kásìmáawò ní kóun yẹ ikùn ọ̀hún wò. Kí ló rí? Irínwó ó lé márùndínláàádọ́rin. Ó fi ìka kà á, ó tún fi ìka kà á. Márùndínlógójì ti lọ! Èyí tó ṣẹ́ kù náà, nǹkan kan ti jókòó sínú ẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ó ki láptọ́ọ̀pù sábíyá, ó fi ọwọ́ kejì gbé páálí, ó dé ṣọ́ọ̀bù bí wọ́n ṣe ń ṣílẹ̀kùn.

"Ọlánipẹ̀kun! Ta ló jẹ nínú ẹ̀ kó tó kàn mí?"

"Ẹ káàárọ̀, Ọ̀gá. Kò sẹ́ni tó jẹ ẹ́ o. Àwọn tó ṣe é, ẹgbẹ̀rún-ẹgbẹ̀rún ni wọ́n fi ń kà. Kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀, ẹgbẹ̀rún ó lé mẹ́rìnlélógún ló fi ń kà. Ẹ fi wé kọ́ńgò. Gàrí tí wọ́n fi kọ́ńgò kékeré wọ̀n tó pé ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, tẹ́ ẹ bá fi kọ́ńgò ńlá tún un wọ̀n, ṣé ó máa pé? Gàrí kan náà ni, Ọ̀gá. Kọ́ńgò ló yàtọ̀."

Kásìmáawò wò ó. "Ọlánipẹ̀kun."

"Sà."

"Ṣé gàrí ni mo rà lọ́wọ́ ẹ?"

"Rárá, sà."

"Gbogbo ọlọ́jà tí mo mọ̀ láyé mi, èènì ni wọ́n ń fi sí ọjà. Kí ni mo fi ṣe ẹ́ tó fi jẹ́ pé tèmi, ńṣe lo bu èènì kúrò lórí ẹ̀? Ó dáa. Èyí tó jókòó síbẹ̀ ńkọ́?"

"Ohun tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ nìyẹn. Òun ló ń jí i láàárọ̀, òun ló ń ṣílẹ̀kùn fún yín. Ó gbọ́dọ̀ ríbi gbé."

"Nínú ohun tí mo fowó ara mi rà? Ta ló gbà á sílé?"

"Ọ̀gá, ẹ dákun, ẹ má fọwọ́ kàn án o."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ẹ má sọ fún bírikìlà láéláé pé kó má fọwọ́ kan nǹkan.

Nígbà tó délé, Sàráfátù ìyàwó ẹ̀ ń ṣa ẹ̀wà. Ó rí i tí ọkọ ẹ̀ jókòó ti láptọ́ọ̀pù, tó ká ṣẹ́ẹ̀tì sókè bí ẹni fẹ́ gbẹ́ ṣálángá.

"Bàbá Múìnà, kí lẹ ń wá níbẹ̀?"

"Mò ń lé àwọn tó kó wọlé kí n tó dé."

"Ṣé ẹ mọ̀ wọ́n?"

"Tí mo bá mọ̀ wọ́n, ṣé mo máa lé wọn ni?"

Fídíò kan wà lórí fóònù ẹ̀ níbi tí ọkùnrin aláriwo kan ti ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń lé èyí tó bá ṣoríkunkun. Òun ni Kásìmáawò ń tẹ̀ lé. Á ṣí yàrá kan nínú ẹ̀rọ, á bá orúkọ Òyìnbó tó gùn bí ọ̀nà Ìbàdàn níbẹ̀, á kà á sókè lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Tó bá kà á tán tí kò yé e, á ní, "Èyí kì í ṣe ará ilé wa," á lé e dànù. Nígbà tó ṣe, ẹ̀rọ bi í pé ṣé ó dá a lójú.

Kásìmáawò fò dìde. "Sàráfátù! Wá wo ìwọ̀sí! Ó ń bi mí bóyá ó dá mi lójú!"

"Ṣé ó dá yín lójú?"

"Ìwọ náà!"

Ó tẹ̀ ẹ́. Àyè bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ó di jíbí kan, ó di mẹ́rin, ó di mọ́kànlá. Orí ẹ̀ wú. Ó ń ṣe bí ìjọba tó ń wó ilé ẹni tó kọ́lé sójú ọ̀nà. "Ìwọ náà, kó ẹrù ẹ! Ta ló ń fara pa mọ́ sẹ́yìn yẹn? Jáde!" Ibi tó ti fẹ́ dé ogún, ojú láptọ́ọ̀pù di búlúù, ó di dúdú kirikiri, ọ̀rọ̀ Òyìnbó funfun ìlà kan péré jókòó sókè, ó ń ṣẹ́jú. Kò ṣe nǹkan míì mọ́.

Sàráfátù gbé àtẹ ẹ̀wà sílẹ̀, ó wá wò ó. Ó wò ó títí.

"Ó mà ṣófo o," ló wí. "Bàbá Múìnà, ẹ ti ráyè. Àwòrán ilé ìgbẹ̀bí wá ńkọ́?"

Kásìmáawò tún ki láptọ́ọ̀pù sábíyá, ó gbé páálí, ó sáré padà sí ṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá, aago mẹ́rin sì ni ìgbìmọ̀ ń dúró dè é.

Nígbà tí Ọlánipẹ̀kun rí láptọ́ọ̀pù, ó ká ọwọ́ lérí. "Ọ̀gá, ẹ ti lé ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn!"

"Àwòrán mi ti lọ?"

"Ó wà nínú ilé. Kò kàn sẹ́ni tó máa ṣílẹ̀kùn fún un."

"Yọ èyí tó wà lọ́dọ̀ ẹ fún mi."

"Èwo lọ́dọ̀ mi? Ẹ̀yin náà lẹ dúró sí mi lórí pé kí n pa á rẹ́, kí ẹ́ńjíníà Ìbàdàn má baà jí i wò!"

Ọlánipẹ̀kun ní òun á kọ́kọ́ gba ojú fèrèsé yọ àwòrán náà, òun á wá dá onílé padà sáyè ẹ̀, wákàtí mẹ́fà ló máa gbà. Kásìmáawò ní òun ò kúrò, òun á jókòó tì í. Ṣọ́ọ̀bù ọ̀hún tóóró débi pé ẹ̀gbẹ́ ni Ọlánipẹ̀kun fi ń wọlé.

"Ọ̀gá, inú ò gbà yín. Ẹ jókòó síta."

Bẹ́ǹṣì kan wà lábẹ́ igi dóńgóyárò. Ibẹ̀ ló jókòó sí, ó gbé páálí lé ẹsẹ̀. Oòrùn mú, jẹnẹrétọ̀ ń dún, wọ́n kírun Jímọ̀, ó kí tiẹ̀ tán, ó padà sórí bẹ́ǹṣì. Ó ní kóun kàn di ojú díẹ̀. Ó sùn fọnfọn, ó la ẹnu sílẹ̀, fìlà bọ́ sílẹ̀. Ewúrẹ́ kan wá, ó fa páálí lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sí ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo ìgbìmọ̀ ń gbà darí sílé láti mọ́ṣáláṣí. Alájà Rábíátù dúró. "Ṣé Kásìmáawò tó ń kọ́lé fún ìlú kọ́ nìyí? Àbí òun fúnra ẹ̀ ò rí yàrá gbà ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n kọjá lọ.

Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́rin lù kí Ọlánipẹ̀kun tó jí i. Láptọ́ọ̀pù ti jí, àwòrán ti yọ! Àwọn méjèèjì ki eré mọ́lẹ̀, wọ́n já wọ kíláàsì tí ìgbìmọ̀ ti ń ṣèpàdé.

Ẹ́ńjíníà ti ń sọ tiẹ̀ lọ. Ilé ẹ̀ ń dán yanran lára ògiri. "Fíìtì mẹ́rìndínlógójì láti etí dé etí," ló wí. "Yàrá mẹ́ta, fíìtì méjìlá-méjìlá." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ó kan Kásìmáawò. Ilé tiẹ̀ náà yọ, fíìtì mẹ́rìndínlógójì kan náà, yàrá mẹ́ta kan náà. Ṣùgbọ́n mọ́kànlá-mọ́kànlá ló kọ sí wọn.

Alájà sún síwájú. "Kásìmáawò, dúró ná. Mọ́kànlá lọ́nà mẹ́ta, mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni. Ilé jẹ́ mẹ́rìndínlógójì. Ta ló jẹ fíìtì mẹ́ta wa?"

Inú bí Kásìmáawò. "Alájà, ògiri ńkọ́? Ògiri mẹ́rin ló máa dúró níbẹ̀, méjì létí, méjì láàárín. Ínṣì mẹ́sàn-án ni bulọ́ọ̀kù. Ẹ kó mẹ́sàn-án mẹ́rin jọ, ṣé kò di fíìtì mẹ́ta? Àbí inú bébà ni kí obìnrin ti máa rọbí? Ohun tó gbé ilé dúró gbọ́dọ̀ ríbi gbé!"

Ọlánipẹ̀kun tó ń tẹ láptọ́ọ̀pù fún un yí ojú sí i. "Ọ̀gá, ṣé kì í ṣe ohun tí mo sọ fún yín láàárọ̀ nìyẹn?"

"Panu mọ́. Ọ̀rọ̀ ilé là ń sọ níbí."

Alájà kọjú sí ẹ́ńjíníà. "Ọmọ mi, ògiri tìẹ dà?"

Ẹ́ńjíníà yí ilé sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó dojú ẹ̀ dé. Kò rí ògiri. Yàrá ẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gba ilẹ̀ tán. Ó tì í, ó ní òun á tún un ṣe tóun bá dé Ìbàdàn.

"Máa lọ tún un ṣe," ni Alájà wí. "Kásìmáawò ló niṣẹ́."

Kásìmáawò yọ àyà síta. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ mú bírò, ó ní, "Ọ̀gá, wọ́n á bi wá léèrè fíìtì mẹ́ta náà lọ́la. Kí ni kí n kọ sílẹ̀?"

"Kọ ọ́ sílẹ̀," ni Kásìmáawò wí, ó gbé ohùn sókè kí gbogbo ilé lè gbọ́, "pé ẹni tó ní kí ògiri má gba àyè, ìta ni yóò sùn."

"Kọ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni Alájà wí. "Òótọ́ ni. Gbogbo wa la rí i níbẹ̀ lọ́sàn-án yìí, ewúrẹ́ ń jẹ páálí ẹ̀."