Bọ́tà Inú Àká Kò Yọ́ o!

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Olókìtì, ẹ dẹtí! Ẹni tó wà lóko, kó fi ọkọ́ sílẹ̀! Ẹni tó wà ní ṣáláńgá, kó ṣe kíá! Ọ̀rọ̀ ti ààfin bọ̀. Ọ̀rọ̀ ńlá ni. Ọ̀rọ̀ bọ́tà ni! Akéde ní kí ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn tó rán an kò rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Ẹni tí wọ́n rán sí yín ni Akéde Ọ̀ṣúntókí, ọmọ Agboolé Alágogo. Ẹ má wo ojú rẹ̀ lónìí, ojú rẹ̀ kò dára. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé òun ni ọkọ Ìyá Tóyọ̀sí aṣebúrẹ́dì. Kò sì sí ẹnì kan láàárín yín tí kò tíì jẹ nínú búrẹ́dì obìnrin náà. Àṣẹ márùn-ún ló wà lẹ́nu akéde, ìkarùn-ún nínú wọn ló fẹ́ pa àdìrò Ìyá Tóyọ̀sí. Ó fẹ́ kí ẹ ti mọ̀ báyìí ni, kí ẹ má baà máa bi ara yín pé kí ló dé tí ojú rẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́, wọ́n sì ti rán an.

Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ rán yín létí bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ọ̀tún Ọba, Olóyè Fájìnmí, ọlọgbọ́n ni. Ọgbọ́n rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kì í fi gba ìmọ̀ràn. Ogún ọdún ló ti ń ra àgbàdo nígbà tó bá pọ̀, tó ń kó o sí àká, tó ń tà á nígbà ọ̀wọ́n. Lọ́dún tó kọjá, ó gbọ́ lórí rédíò pé bọ́tà ti gbówó lórí jákèjádò orílẹ̀-èdè, pé àwọn aṣebúrẹ́dì ń fi ẹ̀kún rà á. Ó sáré wọ ààfin. Ó ní kí wọ́n gbé owó tí a dá fún òrùlé ọjà jáde, kí wọ́n fi ra bọ́tà pamọ́. Wọ́n rà á! Ẹgbẹ̀ta páálí!

Níbo ni wọ́n kó o sí? Inú àká àgbàdo ni o! Nígbà tí wọ́n sì kó o síbẹ̀ tán, wọ́n ṣe é bí àwọn baba wa ti ń ṣe àgbàdo. Wọ́n dáná èéfín sí abẹ́ àká, kí kòkòrò má baà jẹ bọ́tà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi ń koná mọ́ ọn nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ká má purọ́ mọ́ Ọ̀tún, kòkòrò kankan kò jẹ ẹ́.

Lẹ́yìn náà ni owó bọ́tà já wálẹ̀. Ó já wálẹ̀ lókè, ó já wálẹ̀ nísàlẹ̀, ó já wálẹ̀ ní Kájọlà tó wà ní òdìkejì odò. Kò já wálẹ̀ ní Olókìtì. Àwa ní ìjòyè! Nítorí náà, ẹ gbọ́ àṣẹ.

ÀṢẸ KÌÍNÍ! Bọ́tà kò yọ́! Ẹ gbọ́ o, bọ́tà kò yọ́! Ohun tó ń ṣàn lábẹ́ àká Ọ̀tún láti ìjẹta, tó gba ẹ̀yìnkùlé kọjá, tó ti dé ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, tí lèmọ́ọ̀mù fi yọ̀ ṣubú, kì í ṣe bọ́tà tó yọ́. Bọ́tà tó ń nasẹ̀ ni. Ẹni tó bá ní ó yọ́, òun ni yóò bù ú padà sínú páálí pẹ̀lú ṣíbí ìmùkọ. Ìgbìmọ̀ ti ra ṣíbí náà sílẹ̀.

ÀṢẸ KEJÌ! Páálí kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́ta náírà! Iye tí wọ́n rà á nìyẹn, pẹ̀lú owó igi tí wọ́n fi dáná sí i. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni mọ iye mìíràn. Èèwọ̀ ni kí a sọ pé ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún péré ni wọ́n ń tà á ní Kájọlà. Èèwọ̀ ni kí a sọ pé ṣọ́ọ̀bù náà wà lẹ́yìn ọjà, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, pé obìnrin tó ń tà á ní fíríìjì ńlá méjì, kò sì ní àká. A kò gbọdọ̀ mẹ́nu bà á rárá pé ọkọ̀ ojú omi ń gbéra láago méje òwúrọ̀, kò sì wọ́n. Akéde tún un sọ kó lè yé yín dáadáa. Ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, èèwọ̀! Aago méje òwúrọ̀, èèwọ̀! Ẹni tó bá sọ ọ́, ìtanràn rẹ̀ ni bọ́tà páálí méjì. Wọn kò ní gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ o. Wọ́n máa tà á fún un ni.

Ẹni tó bá ní rédíò, tí wọ́n bá dé orí iye owó ọjà, kó yáa máa kọrin sókè.

ÀṢẸ KẸTA! Gbogbo ilé ni yóò jẹ bọ́tà! Láàárọ̀, bọ́tà sínú ẹ̀kọ mímu. Lọ́sàn-án, bọ́tà lórí ẹ̀bà. Lálẹ́, ẹ fi pa ẹsẹ̀ kí ẹ tó sùn. Ẹni tó bá ń gbààwẹ̀, kó jẹ tọ̀sán mọ́ sààrì. Ẹni tó bá kú lọ́sẹ̀ yìí, àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ ìpín rẹ̀. Ní ti Ìyá Àgbà Ọláníhùn tó ní inú òun kò gba nǹkan ọlọ́ràá, ìgbìmọ̀ ti gbọ́. Wọ́n ní kí inú náà yọjú sí ààfin lọ́jọ́ Ẹtì, kó wá sọ tẹnu rẹ̀.

ÀṢẸ KẸRIN! Ti ajá ni èyí. Ìwádìí fi hàn pé àwọn ajá kan ń lá bọ́tà ìlú lábẹ́ àká láìsan kọ́bọ̀. Nítorí náà, ajá tí irun rẹ̀ bá ń dán, afurasí ni! Kí olówó rẹ̀ fà á wá fún àyẹ̀wò ahọ́n. Ajá Ọ̀tún kò sí lára wọn o. Irun tirẹ̀ ń dán láti ọ̀run wá ni.

Ó ku ọ̀kan. Akéde ì bá fẹ́ kó tán síbí. Ẹ fún un lómi mu. Ẹ ṣeun.

ÀṢẸ KARÙN-ÚN! Gbogbo aṣebúrẹ́dì ìlú yìí! Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọ́, "gbogbo aṣebúrẹ́dì," bẹ́ẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo la ní. Kò gbọdọ̀ fi bọ́tà mìíràn ṣe búrẹ́dì àfi ti inú àká, ní iye tí ààfin dá lé e. Kò gbọdọ̀ fi kọ́bọ̀ kan lé owó búrẹ́dì, nítorí àwọn ìjòyè fẹ́ràn búrẹ́dì. Bó bá kọ̀, kí a fọ́ àdìrò rẹ̀ kí oòrùn òní tó wọ̀. Akéde fúnra rẹ̀ ni kó fọ́ ọ, kí ìlú lè rí i pé òfin kò mojú ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ kó yé yín o, obìnrin náà kò ṣorí kunkun. Ó dán an wò. Ó ra páálí kan, ó fi ṣe ogójì búrẹ́dì, gbogbo rẹ̀ ń rùn bí ẹja yíyan. Àwọn ọmọ iléèwé gan-an dá a padà, ọmọ iléèwé tí kì í dá oúnjẹ padà! Ó wá da ìborùn bo èjìká, ó lọ kúnlẹ̀ ní ààfin. Ó ní kí Kábíyèsí pẹ́ fún wa. Ó ní àgbàdo là ń kó sí àká, pé ibi tútù ni bọ́tà ń gbé. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun máa ra tòun ní Kájọlà, òun yóò sì bá wọn ṣa èyí tó ṣì dára nínú tiwọn, kí gbogbo owó ìlú má baà wọmi. Ọ̀tún ní ṣé ẹni tó ń po ìyẹ̀fun ló fẹ́ wá kọ́ òun lọ́jà ṣíṣe. Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó ti kọ̀ nìyẹn. Akéde wà níbẹ̀. Ó dúró ti òpó pẹ̀lú agogo rẹ̀, kò sì lanu. Ohun tó ń dùn ún jù nìyẹn, ó sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu òun.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni àdìrò yẹn ti ń jó. Òun ló rán Tóyọ̀sí níwèé. Òun ló bọ́ akéde ní gbogbo oṣù tí ààfin gbàgbé pé akéde náà ń jẹun.

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Títí dé ìhín, ẹnu ààfin ni. Èyí tó kù yìí, akéde ló ni ín.

Láàárọ̀ òní, ó gbé ọkọ́ lé èjìká, ó lọ fọ́ àdìrò ìyàwó rẹ̀. Nígbà tó débẹ̀, ó bá Ìyá Tóyọ̀sí lórí ìjókòó. Obìnrin náà ti ń tú bíríkì àdìrò náà fúnra rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń nu eérú kúrò lára wọn, ó ń tò wọ́n sínú àpò ìyẹ̀fun. Ó ti tú u dé ìdajì. Kò gbójú sókè. Ó ní Bàbá Tóyọ̀sí, bó bá jẹ́ pé ẹ wá fọ́ ọ ni, ẹ kú iṣẹ́ ọba. Bó bá jẹ́ pé ẹ wá gbé e ni, ẹ bá òun di ìdí àpò yìí mú, ó wúwo.

Ẹ gbọ́ o! Akéde di ìdí àpò mú!

Wọ́n tú u tán. Wọ́n kó o sínú ọkọ̀ ojú omi Kájọlà, bíríkì ìgbẹ̀yìn ṣì gbóná lọ́wọ́ akéde. Ààfin ní kí àdìrò má sí ní Olókìtì mọ́ kí oòrùn tó wọ̀. Kò sí mọ́, Kábíyèsí. Iṣẹ́ ti parí ṣáájú àkókò.

Agogo ìlú rèé, akéde gbé e kalẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà ààfin. Kí Ọ̀tún wá ẹni tí yóò máa lù ú. Ẹni tó gbọ́, kó sọ fún ẹni tí kò gbọ́. Ẹni tí kò gbọ́, tó bá jí lọ́la tí kò gbóòórùn búrẹ́dì, yóò mọ̀.

Akéde ti jẹ́ iṣẹ́ o! Akéde ń lọ sílé o! Ìyàwó rẹ̀ ń dúró dè é lódò.