Ojú Tó Ń Rẹ́rìn-ín Nínú Fáìlì Ọ̀fọ̀

Ta ló lè sọ fún mi, nínú gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó síbí, ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ojú lọ̀rọ̀ wà? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn, ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ìtàn ìbànújẹ́ ni. Bí ẹ bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀yin lẹ mọ̀.

Ilé iṣẹ́ kan wà tó ń bá èèyàn sin òkú. Ìyáàfin Fadérera ni ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin tó kórìíra rúdurùdu. Nígbà tí fáìlì òkú pọ̀ lápọ̀jù, ó ṣòfin pé orí gbogbo fáìlì àti gbogbo ọ̀rọ̀ orí Wásáàpù, kí wọ́n máa fi ìmójì, àwòrán ojú kékeré orí fóònù, sí i. Òkú àgbà, ojú tó ń rẹ́rìn-ín: ẹ wọ funfun, ẹ gbé fèrè dání, ẹ jó pósí dé ẹnu sàréè. Òkú ọ̀fọ̀, ojú tó ń sunkún: ẹ wọ dúdú, ẹ panu mọ́. Òfin náà dáa, n kò ní parọ́ mọ́ ọn.

Ládìpúpọ̀ ni akọ̀wé wọn. Ojú tiẹ̀ máa ń ṣú bí ọjọ́ tí òjò fẹ́ rọ̀, bí wọ́n ṣe bí i nìyẹn. Ohun tó bá kọ náà kì í rọ̀ létí. Ọ̀gá ní ó dà bíi pé ó ń bá òun jà, pé láti òní lọ, bó bá ti ń kọ̀wé sí ẹni tó jù ú lọ, kó máa fi ẹ̀rín sí i nísàlẹ̀. Ládìpúpọ̀ kì í sì í rú òfin.

Morẹ́níkẹ́ wá kú. Ìyàwó tísà kan tó ń jẹ́ Olúgbóyè ni. Ó bímọ tán ni, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ẹ jẹ́ kí n fi ibẹ̀ sílẹ̀, ó ń dùn mí. Ìyá olóògbé wà ní yàrá ẹ̀yìn ilé wọn, ẹ ṣáà mọ̀ pé òbí kì í rí sàréè ọmọ rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí Olúgbóyè bẹ̀ wọ́n ni pé kí wọ́n rọra gbé òkú náà jáde, kí màmá má mọ ìgbà tí ọmọ òun kúrò nílé.

Ládìpúpọ̀ fi àdírẹ́sì àti àkókò ránṣẹ́ sí Bàbá Ṣíjúwadé, olórí àwọn agbépósí. Ó fi ojú ẹkún sókè, ìyẹn ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n àgbà ni Bàbá Ṣíjúwadé, ó bá fi ẹ̀rín sí ìsàlẹ̀.

Bàbá wo ojú méjèèjì títí. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní kó pe Ládìpúpọ̀. Bàbá ní kí lòun fẹ́ bi í.

"Wọ́n kọ́kọ́ sunkún, wọ́n wá rẹ́rìn-ín. Òkú wo là ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún, bí kì í bá ṣe òkú àgbà?"

Wọ́n wọ funfun, wọ́n gbé pósí léjìká, fèrè sì dún. Wọ́n ti jó dé ẹnu ọ̀nà kí ilẹ̀kùn yàrá ẹ̀yìn tó ṣí.

"Ṣé Morẹ́níkẹ́ ti ń lọ ni?" Ìyá náà ló bèèrè.

Fèrè dákẹ́. Ẹni tó gbé ẹsẹ̀ kan sókè kò mọ ibi tí yóò gbé e sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Olúgbóyè kọ̀wé ìbínú sí wọn. Ládìpúpọ̀ dáhùn, ó ń sunkún bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀bẹ̀ gan-an. Ó wá rántí pé oníbàárà ju òṣìṣẹ́ lọ, ó fi ẹ̀rín sí i nísàlẹ̀.

Nígbà tí Fadérera rí i, ó káwọ́ lérí. Ó mú Ládìpúpọ̀ dání, wọ́n lọ tọrọ àforíjì. Ọ̀gá kúnlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bó ṣe máa ń ṣe sí oníbàárà. Ìyá Morẹ́níkẹ́ yíjú kúrò, ó ní ta ló ń fi àwọn rẹ́rìn-ín lórí fóònù.

"Èmi ni, mà," Ládìpúpọ̀ wí níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí.

Màmá ní kó gbójú sókè. Ó wò ó títí. "Ìwọ? Pẹ̀lú ojú yìí?" Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àkọ́kọ́ látìgbà tí ọmọ rẹ̀ ti kú, kó tó wá bú sẹ́kún.

"Dìde, ọmọ mi," ó wí níkẹyìn. "Ẹ̀bẹ̀ tìẹ ni mo gbà. Ẹ bá mi gba fóònù yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Ẹni tó bá ní òwe náà ti wà kí fóònù tó dé, kó lọ bi Bàbá Ṣíjúwadé. Títí dòní, kó tó jẹ́ kí wọ́n fọn fèrè nílé olókùú, yóò kọ́kọ́ yọrí lójú fèrèsé, yóò wo ojú àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú lọ̀rọ̀ wà.