Ojú Mẹ́ta Dókítà Adédàpọ̀

Bí ẹ bá dé Sabon Gari ní Zaria, tí ẹ béèrè olórí ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ Yorùbá, Dókítà Adédàpọ̀ ni wọn yóò júwe fún yín. Ọ̀dọ́ Ayérayé! Arẹwà-má-gbó! Ọ̀dọ́ tó ti di odó nídìí oyè: ó wúwo, kò sì ṣeé gbé kúrò.

Ó ti lé láàádọ́ta ọdún, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò jẹ́wọ́ rẹ̀ rí. Ó ń pa irun láró. Jígí ìkàwé rẹ̀ kì í jáde nílé, torí ta ló rí olórí ọ̀dọ́ tó ń fi jígí kàwé?

Ìdìbò wá kù sí dẹ̀dẹ̀. Tinúkẹ́, ọmọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà ìṣègùn, ń bá a du ipò náà. Adédàpọ̀, tó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, pinnu láti fi ìmọ̀ bò ó mọ́lẹ̀. Ó ṣe áàpù tí ẹgbẹ́ yóò máa fi forúkọ sílẹ̀, ó sì gbé e wá sípàdé.

"Ojú mẹ́ta ló ní," ó wí, àyà rẹ̀ yọ síwájú. "Ojú ọmọdé, àwòrán ló kún un. Ojú ọ̀dọ́, lẹ́tà wẹ́wẹ́, kíá-kíá. Ojú àgbà, lẹ́tà gàǹgà, ohùn mi yóò sì máa fi sùúrù bá wọn sọ̀rọ̀."

"Ẹ ò ṣe kàn béèrè ọjọ́ orí wọn, sà?" Tinúkẹ́ bi í.

"Ọjọ́ orí kẹ̀? Ta ló ń béèrè ìyẹn láyé òde òní? Ọwọ́ ló ń wò. Ọwọ́ tó bá ń táràrà lójú fóònù, ọwọ́ arúgbó ni. Áàpù yìí kì í purọ́. Ohun tó bá sọ, abẹ́ gé e!"

Wọ́n so fóònù rẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti ojú tẹlifíṣọ̀n ńlá. Láti fi ojú àgbà hàn wọ́n, ó pe Alhaja Ramlah síwájú, ìyá aláṣọ ará Ìlọrin tó ti lé láàádọ́rin ọdún, tó sì ń tajà lórí Wọ́sáàpù láti ìdájí. Alhaja tẹ̀ ẹ́, pà-pà-pà.

"Báwo ni, ọ̀dọ́!" ni áàpù wí. "Orúkọ ẹ ti wọlé!"

"Kai! Wallahi, ẹ̀rọ yìí lójú!" Alhaja pariwo. Gbọ̀ngàn dàrú fún ẹ̀rín.

"Àṣìṣe kékeré ni," Adédàpọ̀ sọ, ó sì gba fóònù náà. "Ẹ wo ọwọ́ ọ̀dọ́."

Lẹ́tà wẹ́wẹ́ náà dà bí ẹyin èèrà. Ó na fóònù jìnnà, ó fà á mọ́ra, ó dijú kan. Ó tẹ A, S ló jáde. Ó pa á rẹ́. Òógùn bo ìka rẹ̀. Lójijì, lẹ́tà wú gàǹgà, ohùn òun fúnra rẹ̀ sì dún káàkiri:

"Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, Bàbá. Ẹ rọra, ẹ má kánjú. Ṣé kí á pe ọmọ-ọmọ yín kó wá bá yín tẹ̀ ẹ́? A ti fi yín sọ́dọ̀ àwọn àgbà."

Alága ẹgbẹ́ nu omi ẹ̀rín lójú. "Dókítà, ẹ̀yin lẹ ní kì í purọ́. Àgbà kì í sì í du ipò ọ̀dọ́ nínú òfin wa. Ó ku Tinúkẹ́ nìkan."

Tinúkẹ́ kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀. "Ẹ máa gbàdúrà fún wa, Bàbá."

Ìyẹn ló dùn ún jù. Ó fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ló já gbà á lẹ́nu. "Èmi ni mo ṣe é," ó wí. "Èmi náà ni mo jókòó ka ọ̀rọ̀ yẹn sínú rẹ̀. Irú òmùgọ̀ wo lèmi?"

Alhaja fa àga kan jáde ní ìlà àwọn àgbà. "Wá jókòó, àbúrò mi."

Adédàpọ̀ jókòó. Orúnkún rẹ̀ ló kọ́kọ́ dúpẹ́.